Ògiri Ṣọ́ọ̀ṣì Tí Mo Ní Ó Lóyún

Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni mo ti gbàgbé láyé mi, títí kan àwọn tí ìyàwó mi ní kò yẹ kí n gbàgbé, ṣùgbọ́n ọjọ́ Sátidé tí mo fi ọwọ́ ara mi wó ògiri ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìbà, ọjọ́ náà ti lẹ̀ mọ́ mi lọ́kàn bí àtè. Bí mo bá fẹ́ gbàgbé pàápàá, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ò ní gbà fún mi.

Kí ẹ tó bú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Bíríkìlà ni mí. Láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Abẹ́òkúta wá sí Èkó ni mo ti ń to búlọ́ọ̀kù, ilé tí mo sì ti bá èèyàn kọ́ láàárín Okokomaiko sí Àjàǹgbádì, èmi fúnra mi ò lè kà á tán. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi máa ń sọ nígbà náà pé, "Ojú Ọ̀gá ju okùn ìwọ̀n lọ." Wọ́n fi ń pọ́n mi kí n lè tètè ní kí wọ́n lọ jẹun ni, àmọ́ mo gbọ́ ọ títí mo fi gbà á gbọ́. Nígbà tí ẹ̀yìn mi ní òun ò gbé búlọ́ọ̀kù mọ́, mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò fi ìgbéraga ojú yẹn sílẹ̀. Ilé tí mo bá ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó lára rẹ̀, ì báà jẹ́ pé onílé ò bi mí.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà yàrá mi. Mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo wo férémù ilẹ̀kùn, mo rí i pé ó ti tẹ̀ bí ọrun ní agbedeméjì. Mo ránṣẹ́ pe káfíńtà. Ó wọ̀n ọ́n lókè, ó wọ̀n ọ́n nísàlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ilẹ̀kùn yìí gún régé." Mo sọ fún un pé àwọn káfíńtà ìsinsìnyí ò mọ ohun tó ń jẹ́ gígún, mo ní kó máa lọ. Mo wá lọ yá ìfági, èmi fúnra mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í fá ilẹ̀kùn. Mo fá a, mo sún sẹ́yìn wò ó, ó ṣì tẹ̀, mo tún fá a. Nígbà tí mo máa fi dáwọ́ dúró, àlàfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn náà ti tó kí adìyẹ alájọgbélé wa gbà á wọlé. Ó sì wọlé lóòótọ́. Orí bẹ́ẹ̀dì wa ló yé sí.

Ìyá Bùnmi, ìyàwó mi, mú ẹyin náà lọ́wọ́, ó ń wo èmi àti ilẹ̀kùn. "Bàbá Bùnmi, ṣé ó ti wá gún báyìí?"

Mo ní, "Ó kù díẹ̀."

Ohun tí mi ò sọ fún un ni pé kì í ṣe ilẹ̀kùn nìkan. Bí mo bá wo èèyàn lójú tààrà, ńṣe ni àárín ojú rẹ̀ máa ń ṣú, bí ìgbà tí wọ́n fi ìka elépo tẹ àárín fọ́tò. Etí rẹ̀ méjèèjì ni mo máa ń rí dáadáa. Mo wá di ẹni tó ń fi etí àti ohùn dá èèyàn mọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, kí n má parọ́. Ìyá tó bí mi fọ́jú kó tó kú. Mo rántí bó ṣe máa ń na ọwọ́ sí ẹni tó bá wọlé, tó máa fi ìka tọ imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kó tó pè é lórúkọ. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ pé ó ti ń bọ̀ wá kan èmi náà. Torí náà mo dákẹ́. Mo ń dá férémù ilẹ̀kùn lẹ́bi.

Ibi tí Ìyá Ìbejì ti bá mi nìyẹn. Ẹ̀yìn mi gan-an ni wọ́n máa ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti rí i pé ẹ̀gbẹ́ ojú ni mo fi ń ka Bíbélì, wọ́n sì ń ta oríṣiríṣi oògùn inú ike ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Okoko. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, wọn kì í ta ohun tí àwọn fúnra wọn ò bá gbà gbọ́. Wọ́n yọ ike funfun kan jáde nínú báàgì. Àwòrán ojú ńlá kan wà lára rẹ̀, ojú náà ń dán bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

"Bàbá, ẹ má pè é ní oògùn o. Oúnjẹ ojú ni. Èròjà kárọ́ọ̀tì wà níbẹ̀, òróró ẹja wà níbẹ̀, àwọn fítámì ò lóǹkà. Ẹyọ kan láàárọ̀. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi máa rí abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn."

Mi ò bi wọ́n pé kí ni mo fẹ́ fi abẹ́rẹ́ ṣe nínú òkùnkùn. Mo rà á.

Ẹyọ kan láàárọ̀ ni wọ́n wí, àmọ́ bíríkìlà ni mí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí sìmẹ́ńtì bá ṣe pọ̀ sí ni ilé ṣe máa ń le sí. Mo ń gbé ẹ̀kúnwọ́ mì láàárọ̀, mo tún ń gbé ẹ̀kúnwọ́ mì lálẹ́. Mo tún wá fi kárọ́ọ̀tì tútù kún un, mo ń jẹ ẹ́ kárakára bí ehoro tó rí oko olóko.

Òróró ẹja ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kì í sì í ṣe lójú. Ìpàdé àdúrà pẹ̀lú ààwẹ̀ la wà lọ́jọ́ náà. Gbogbo wa wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú sùtánà funfun, Wòlíì wa ní ká dákẹ́ kí ẹ̀mí lè sọ̀rọ̀. Ohun tó sọ̀rọ̀ ni ikùn mi. Mo gùfẹ̀. Mo gbìyànjú láti gbé e mì padà, ó kọ̀. Òórùn ẹja gba ìlà wa kan, ó dé ìlà kejì. Obìnrin tó wà níwájú mi yíjú padà, ó ní, "Ta ló ti ṣínu?" Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Èmi náà dara pọ̀ mọ́ wọn, mo ń wo ọ̀tún wo òsì, mo ń mi orí fún irú ẹni tó lè jẹ ẹja níbi ààwẹ̀ Olúwa.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ti àtẹ́lẹwọ́. Mò ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ Ìyá Bùnmi lọ́sàn-án ọjọ́ kan ló di ọwọ́ mi mú.

"Bàbá Bùnmi, kí ló ṣe ọwọ́ yín?"

Mo wò ó. Mi ò rí nǹkan kan. Ó fà mí síta sínú oòrùn, ó ní kí n bọ́ bàtà. Àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ mi ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, bí ẹni tó sọdá inú ìkòkò epo. Ó figbe ta. "Ibà pọ́njú ni! Mo gbé!" Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti gbé àgbo kaná. Àgbo náà korò débi pé ẹ̀gbẹ́ ahọ́n mi kú fún ọjọ́ méjì. Nígbà tí mi ò rí ọ̀nà àbáyọ mọ́, mo fi ike oògùn hàn án, mo ní kò sí ibà kankan, àmì pé oògùn ti ń ṣiṣẹ́ ni.

Ó wo ike, ó wo ọwọ́ mi. "Ojú lẹ ní kó wò. Àtẹ́lẹwọ́ ló ń kùn."

Obìnrin yìí, bó bá jẹ́ pé mo gbọ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni. Àmọ́ mo ti jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ojú mi ti ń mọ́lẹ̀, wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún mi, Ìyá Ìbejì sì ti tà lọ́jọ́ náà tayọ̀tayọ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ yí i padà?

Ó wá ku ti ògiri. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìbà fẹ́ mọ ògiri sáàárín àwa àti ilé tó múlé gbè wá, wọ́n sì fi mí ṣe alága ìgbìmọ̀ ìkọ́lé. Èmi náà ló mú Mùfú wá pé kó ṣe iṣẹ́ ọ̀hún. Ọ̀dọ̀ mi ni Mùfú ti kọ́ṣẹ́ ní kékeré. Ó ti di ọ̀gá báyìí, ó ti ní ìyàwó àti ọmọ, síbẹ̀ bó bá rí mi láàárín títì, á dọ̀bálẹ̀. Mùsùlùmí ni, àmọ́ mo sọ fún ìgbìmọ̀ pé búlọ́ọ̀kù ò mọ ẹ̀sìn, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tò ló mọ̀.

Ní Sátidé tí mò ń wí yìí, Mùfú ránṣẹ́ pé iṣẹ́ ti parí, kí ìgbìmọ̀ wá wò ó. Mo wọ aṣọ, mo gbé ẹ̀kúnwọ́ oògùn mì kí ojú lè mú dáadáa, mo lọ. Àwọn ìyá ìgbìmọ̀ ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi. Mo dúró, mo ká ọwọ́ lẹ́yìn bí mo ṣe máa ń ṣe, mo wo ògiri.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ògiri yẹn yọ ikùn. Kì í ṣe ikùn kékeré. Ó yọ níwájú bí aboyún tó ń retí ìbejì.

Mo ní, "Mùfú. Kí lo ṣe báyìí?"

"Kí ló ṣẹlẹ̀, Ọ̀gá?"

"Ògiri rẹ lóyún!"

Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mò ń ṣàwàdà. Nígbà tó rí i pé mi ò rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tirẹ̀ gan. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mú okùn ìwọ̀n wá. Ògiri yìí gún."

"Okùn ìwọ̀n wo? Èmi lo fẹ́ fi okùn ìwọ̀n hàn? Ojú tó kọ́ ẹ níṣẹ́ ló ń wò ó yìí!" Mo yíjú sí àwọn ìyá ìgbìmọ̀, mo ń ṣàlàyé fún wọn bí ògiri bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń wó pa àwọn tó ń jọ́sìn lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn rọra ní, "Ṣùgbọ́n Bàbá, lójú tèmi ó gún." Mo ní kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀, iṣẹ́ ìránṣọ ló kọ́.

Ojú Mùfú ti pọ́n. Kò fèsì. Bóyá bó bá fèsì ni, inú mi ì bá rọ̀. Dídákẹ́ rẹ̀ ló mú mi bínú. Mo rí òòlù ńlá kan nílẹ̀, mo gbé e, pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn mí yìí. Mo ní màá fi hàn wọ́n bí ẹni tó mọ iṣẹ́ ṣe ń ṣe sí iṣẹ́ burúkú. Mùfú ké pé, "Ọ̀gá, sìmẹ́ńtì òkè yẹn ò tíì gbẹ o!" Mo ti jù ú.

Gbàgàdà! Àwọn búlọ́ọ̀kù òkè ya lulẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, àwọn tó wà nísàlẹ̀ wọn tẹ̀ lé wọn, eruku sọ lálá. Láàárín eruku náà ni igbe ti dún, garawa sì yí gbirigbiri.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ mọ̀ àfi èmi. Bàbá Sẹ̀wánù, Ègùn tó ni ilé ẹ̀gbẹ́ kejì, ní balùwẹ̀ kan níta tí kò ní òrùlé. Páànù ni wọ́n fi gbé apá mẹ́ta rẹ̀. Nígbà tí Mùfú mọ ògiri wa tán, bàbá náà fi ògiri ṣọ́ọ̀ṣì ṣe apá kẹrin. Wọ́n wà níbẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n ń wẹ̀. Olúwa ṣàánú fún wa, búlọ́ọ̀kù kankan ò bà wọ́n.

Gbogbo ohun tí èmi rí ni nǹkan funfun gàgàrà kan tó yọ jáde láti inú eruku, funfun láti orí dé orúnkún. Mo wo àárín rẹ̀, àárín rẹ̀ ṣú. Mo wá etí rẹ̀, eruku ti bo etí. Ọkàn mi sọ fún mi pé Wòlíì ni. Ta tún ni ì bá wọ aṣọ funfun balau bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì? Mo ju òòlù sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku.

"Bàbá Wòlíì, ẹ má bínú! Iṣẹ́ Olúwa la ń ṣe o. Ẹ tiẹ̀ wo bí ẹ ṣe mọ́ lóló nínú sùtánà tuntun yìí!"

Ohùn kan tí kì í ṣe ti Wòlíì dáhùn lókè orí mi: "Sùtánà wo? Ọṣẹ ni!"

Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn mi. Wòlíì wa ni. "Bàbá," wọ́n ní, "èmi nìyí níbí o."

Mo gbé orí sókè. Àwọn ìyá ìgbìmọ̀ ti fi gèlè bojú, èjìká wọn ń gbọ̀n. Ọ̀kan nínú wọn ti jókòó sílẹ̀, kò lè mí. Bàbá Sẹ̀wánù di táwẹ́ẹ̀lì funfun kan mú ní ìdí pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ìfófó ọṣẹ ń kán láti orí wọn. "Ta ló ní kí ẹ wó balùwẹ̀ mi? Kí ni mo ṣe fún ṣọ́ọ̀ṣì?"

Ó yẹ kí n tọrọ àforíjì. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Ògiri ló tẹ̀!"

Ìgbà náà ni Mùfú mú okùn ìwọ̀n jáde nínú àpò rẹ̀. Ó so ó mọ́ òkè ibi tó kù lára ògiri, irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ fì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún, ó sì dúró jẹ́ẹ́. Ó fa ọwọ́ mi dìde. "Ọ̀gá, ẹ má wo ògiri. Okùn ni kí ẹ wò. Báwo lẹ ṣe rí i?"

Mo wò ó. "Okùn rẹ náà tẹ̀," ni mo wí.

Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe kúrò lẹ́nu mi ni mo gbọ́ ohun tí mo sọ. Okùn tí irin wúwo so kọ́ sí ìdí rẹ̀, kí ló máa tẹ̀ ẹ́? Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ nìyẹn: èèyàn lè parọ́, ojú lè parọ́, okùn yìí ò ní parọ́ fún ẹ. Mo fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún. Okùn gún. Mo bo ti òsì. Okùn ká bí ejò, àárín rẹ̀ sì dàwátì.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Mo jókòó sórí ọ̀kan lára àwọn búlọ́ọ̀kù tí mo wó. Mo ní, "Mùfú, ojú mi ló tẹ̀." Ó kúnlẹ̀ tì mí, ó ń nu eruku kúrò ní ṣòkòtò mi, kò sì jẹ́ kí n rí ojú òun. Bàbá Sẹ̀wánù ló sọ̀rọ̀. Ọṣẹ ti ń gbẹ sí wọn lára, ó ń yún wọn, wọ́n ń fi àgbọ̀n họ èjìká. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ tọ́jú ojú yín. Ògiri á tún dìde. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣan ara ná."

Ìyá Bùnmi ló mú mi lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Dókítà tó yẹ̀ mí wò kéré sí Bùnmi lọ́jọ́ orí. Ó gbé bébà kan tó kún fún ìlà gígún bí àwọ̀n síwájú mi, ó ní kí n sọ ohun tí mo rí. Mo ní bíríkìlà tó fa ìlà yìí, kí wọ́n má tún gbé iṣẹ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó wá ṣàlàyé. Ó ní ibì kan wà ní àárín gbùngbùn ẹ̀yìn ẹyinjú tí èèyàn fi ń rí ohun tó bá kọjú sí, pé bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ, ibẹ̀ máa ń gbó lára àwọn mìíràn. Ti ojú ọ̀tún mi ti ń jò látẹ̀yìn. Abẹ́rẹ́ wà tó lè dá jíjò náà dúró, ṣùgbọ́n èyí tó ti bàjẹ́ lè má padà. "Bàbá, bó bá jẹ́ pé ọjọ́ tí ilẹ̀kùn yẹn kọ́kọ́ tẹ̀ lẹ ti wá ni, ìbàjẹ́ náà ì bá má pọ̀ tó báyìí."

Mo gbé ike oògùn sórí tábìlì. Ó kà á, ó bi mí bóyá mo mu sìgá rí. Mo ní mo mu ún dáadáa nígbà tí mo ṣì ń kọ́lé, mo ti jáwọ́. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní àwọn fítámì kan wà lóòótọ́ tó lè dín eré àìsàn yìí kù fún ẹni tí tirẹ̀ bá ti dé ipò kan, àmọ́ dókítà ló ń sọ ẹni tó yẹ fún, kò sì sí èyí tó ń dá ojú tó ti lọ padà. Àti pé ẹni tó bá ti mu sìgá rí ò gbọdọ̀ máa kó èròjà kárọ́ọ̀tì inú ike mì bẹ́ẹ̀, ó lè ṣe ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ní jàǹbá. Mo ṣírò tèmi: ẹ̀kúnwọ́ láàárọ̀, ẹ̀kúnwọ́ lálẹ́.

Mo wá bi í bóyá apá ni wọ́n máa ń gún abẹ́rẹ́ náà sí. Ó ní rárá, ojú ni. Mo dìde, mo ní ẹ jẹ́ kí n lọ tọ̀. Ìyá Bùnmi fi agbádá fà mí padà jókòó. Ẹ̀rù tó bà mí ju abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ lọ, torí wọ́n kán oògùn apàrora sójú náà kí wọ́n tó gún un. Láti ìgbà náà ni mo ti ń lọ gbà á.

Mùfú tún ògiri mọ. Kò gbà kí n san owó iṣẹ́ rẹ̀, mo wá ní kó jẹ́ kí n máa pọn omi fún un, ó gbà, ó kàn ń wò mí kí n má baà da omi náà sí Bàbá Sẹ̀wánù lára. Lọ́jọ́ Àìkú kan, mo dìde, mo yí ẹ̀rí tí mo jẹ́ padà níwájú gbogbo ìjọ. Ó ṣòro ju dídọ̀bálẹ̀ fún onílé aládùúgbò lọ. Mo ń retí pé Ìyá Ìbejì máa bínú sí mi. Nígbà tí ìsìn parí, wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bàbá, ilé ìwòsàn yẹn, ọ̀nà ibo ni? Èmi náà ń lo oúnjẹ ojú yẹn. Gbogbo iná ni mò ń rí bí ẹni pé kùrukùru bò ó." Èmi àti ìyàwó mi la jọ mú wọn lọ.

Ohun tí mo kọ́ kò ju èyí lọ: bí ayé bá dédé tẹ̀ lójú ẹ lójijì, kó o tó gbé òòlù, kọ́kọ́ lọ yẹ ojú wò. Kò sí ìtìjú nínú kí ojú àgbà má ríran mọ́. Ìtìjú wà nínú kí á fi ojú tí kò ríran máa ṣe alága.

Dókítà fún mi ní ọ̀kan nínú àwọn bébà onílà yẹn pé kí n máa wò ó lójoojúmọ́, ojú kan lẹ́yìn èkejì, kí n tètè wá bí nǹkan bá yí padà. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ilé ìdáná. Láràárọ̀, bí Ìyá Bùnmi bá ti ń gbé omi kaná, á bi mí láìwẹ̀yìn.

"Báwo ni ìlà yín lónìí?"

"Ó tẹ̀."

"Ṣé ó tẹ̀ ju ti àná lọ?"

Màá tún un wò dáadáa. "Rárá. Bó ṣe tẹ̀ lánàá náà ni."

"Ọpẹ́ ni fún Olúwa. Ẹ wá mu ẹ̀kọ."

Á bú sẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó ti fojú rí màbo, tó sì ń dúpẹ́ pé ó ṣẹ́ ku ojú tó fi rí i.